Ínṣọ́ránsì mọ́tò tí apá ọ̀dọ́ lè ká l'Ákúrẹ́: bí ojú mi ṣe là

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, iṣẹ́ ló pọ̀, àsìkò ìgbéyàwó la wà yìí, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí n má wé gèlè fún ìyàwó méjì tàbí mẹ́ta, òní Oǹdó, ọ̀la Ọ̀wọ̀, ọ̀tunla Ìdànrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mélòó kan, mo sì ti ṣèlérí fún ara mi pé mo máa gbé e síta kí ọ̀dọ́ míì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò má baà kó sí i bí mo ṣe kó sí i. Ọ̀rọ̀ ínṣọ́ránsì ni.

Ẹ má tíì sá lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ìwé tí a fi ń lé pọ́lísì lọ lójú títì lásán ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ohun tó sì gba owó lọ́wọ́ mi gan-an nìyẹn.

Ọmọ ọdún 23 ni mí nígbà tí mo ra Kòrólà 2005 mi, ₦3,500,000. Owó àjọ ọdún méjì wà níbẹ̀, owó gèlè wà níbẹ̀, màmá mi náà tú ìdí aṣọ wọn lé e fún mi. Ẹni tí kò bá gun ọ̀kadà rí ní aago mẹ́rin ìdájí, pẹ̀lú àpótí mékọ́ọ̀pù lórí itan, tí òjò ń pa á láti Ọ̀dà títí dé ilé ìyàwó ní Ìjàpọ̀, kò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí mọ́tò tèmi. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tó tà á fún mi sọ pé pátíkúlà rẹ̀ máa parí ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó sì júwe èjẹ́ǹtì kan fún mi. Èjẹ́ǹtì yìí, ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú lọ síbi kankan, òun á bá mi ṣe láísẹ́ǹsì mọ́tò, òun á bá mi ṣe ti VIO, ìyẹn ìwé pé mọ́tò yẹ lójú títì, òun á bá mi ṣe ínṣọ́ránsì, gbogbo ẹ̀ á ti délé bá mi kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ínṣọ́ránsì nínú ẹ̀ jẹ́ ₦6,000. Mo pe màmá mi lórí fóònù, mo ní màámi, ṣé ₦6,000 ò ti pọ̀ jù fún ínṣọ́ránsì báyìí, wọ́n ní rárá, pé ₦5,000 ni bàbá mi máa ń san lórí tiwọn kí wọ́n tó ta mọ́tò wọn, pé ṣebí gbogbo nǹkan ló ti gbówó lórí. Ẹ rántí ₦5,000 yẹn o, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ó mú ìwé náà wá lóòótọ́ lọ́jọ́ kejì, inú nylon ló wà, ó ní sítáǹpù, ó ní nọ́ńbà, orúkọ mi pé, nọ́ńbà mọ́tò mi pé. Mo tiẹ̀ fún un ní owó omi lé e lórí.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni ṣàngbá fọ́. Ọjọ́ Sátidé ni, mo ń bọ̀ láti òde ìgbéyàwó kan l'Ọ́wọ̀, mo ti wà lórí ìrìn láti aago mẹ́rin ìdájí, mo ti la gbogbo tírélà ojú ọ̀nà Ògbèsè já láìsí wàhálà kankan, mo ti wọ Àkúrẹ́, mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé ọpẹ́lọpẹ́ Olúwa mo ti délé. Lójú ọ̀nà Oyèmẹ́kùn, òjò winniwinni ń rọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣàdédé dúró láti gbé èrò, Highlander tó wà níwájú mi tẹ búréèkì, èmi náà tẹ tèmi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń yọ̀, mọ́tò mi sún lọ bí ẹni tí wọ́n tì, gbì! Bọ́ńpà ẹ̀yìn Highlander wọlé, iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan fọ́ yángá, bónẹ́ẹ̀tì tèmi náà ká sókè.

Gbogbo ara mi di omi. Bàbá àgbàlagbà kan ló sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin wọn. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi, omi ni o kúnlẹ̀ sí yẹn. Ṣé o ò fara pa?" Mo ní rárá sà. Wọ́n wá bi mí pé ṣé mọ́tò mi ní ínṣọ́ránsì, mo yára dáhùn pé ó ní sà, mo sáré mú nylon yẹn jáde, ọkàn mi tiẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ nígbà yẹn, mo ní ọjọ́ tí ìwé yìí máa wúlò nìyí.

Ọmọ bàbá yìí gba ìwé náà, kò wo sítáǹpù, kò wo nǹkan kan, nọ́ńbà mọ́tò mi ló ń tẹ̀ sórí fóònù ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Sister, kò gbé nǹkan kan wá o." Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un wò, ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó fi fóònù náà hàn mí kí n fojú ara mi rí i. Mo pe èjẹ́ǹtì mi níbẹ̀, fóònù ẹ̀ ò lọ, títí di òní tí mò ń kọ èyí kò lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo pe ilé iṣẹ́ tí orúkọ wọn wà lórí ìwé, obìnrin tó gbé e fi sùúrù gba nọ́ńbà náà lẹ́nu mi, ó wò ó, ó ní màdámù, ìwé yìí ò wá láti ọ̀dọ̀ wa.

₦185,000 ni wọ́n fi tún mọ́tò bàbá ṣe. Bàbá gbà kí n san án ní ìgbà mẹ́ta, Ọlọ́run á máa pèsè fún wọn. Tèmi náà gba ₦70,000 lọ́wọ́ páńẹ́ẹ̀lì bítà àti pẹ́ńtà. Owó tí mo ti ń tọ́jú láti fi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Arákàlẹ̀ ló bá a lọ. Mo sunkún gan-an lóṣù yẹn, mi ò ní purọ́.

Ìgbà tí mo sunkún tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀. Mo lọ sórí Google, mo tẹ ínṣọ́ránsì fún awakọ̀ tó jẹ́ ọ̀dọ́, àfi bí gbogbo ohun tó ń jáde ṣe jẹ́ ti ìlú òyìnbó. Wọ́n ní kí n ra mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kéré, kí n fi orúkọ òbí mi kún ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tún ń wa mọ́tò náà, kí n jẹ́ kí wọ́n gbé àpótí kékeré kan sínú mọ́tò tí á máa ṣọ́ bí mo ṣe ń sáré àti bí mo ṣe ń tẹ búréèkì. Àbúrò mi kan, ọmọ àǹtí mi, wà ní Leicester nílùú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ogún ọdún ni, mo pè é, ó ní àǹtí, bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ àwọn o, owó tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé òun lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ju owó tí òun fi ra mọ́tò lọ, àpótí yẹn ló jẹ́ kó wálẹ̀. Ó ní àwọn kan máa ń purọ́ pé ìyá àwọn gan-an ló ń wa mọ́tò jù, kí owó lè kéré, ṣùgbọ́n èrú ni wọ́n kà á sí lọ́hùn-ún, tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́ ínṣọ́ránsì náà á di òfo. Ó tún sọ èyí tó yà mí lẹ́nu, pé owó tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ obìnrin tẹ́lẹ̀ máa ń kéré sí ti ọkùnrin, ilé ẹjọ́ Yúróòpù ló ní kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀, láti December 2012. Ó dùn mí díẹ̀ ṣá.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á lọ ni mo rí i pé kò sí èyí tó kan èmi tí mo wà l'Ákúrẹ́ nínú gbogbo ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, third party, ìyẹn èyí tí òfin ní gbogbo mọ́tò gbọ́dọ̀ ní, iye kan náà ni fún gbogbo ènìyàn. NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, ló fi iye lé e. Ọmọ ọdún 18 tó gba láísẹ́ǹsì lánàá àti bàbá tó ti ń wakọ̀ láti ogójì ọdún, iye kan náà ni wọ́n máa san lórí mọ́tò ilé: ₦15,000 lọ́dún. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2023 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, ₦5,000 ni.

Ṣé ẹ ti wá rí i báyìí? ₦5,000 tí màmá mi rántí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye àtijọ́ ni. Orí iye àtijọ́ yìí làwọn oníjìbìtì ń jókòó lé, wọ́n á bu ẹgbẹ̀rún kan lé e kó lè dà bí ẹni pé nǹkan wọ́n díẹ̀ sí i, tí o bá sì béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà nílé wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń san ₦5,000 nísinsìnyí, ọ̀kadà ₦3,000. Èmi tí mo wa Kòrólà wá san owó kẹ̀kẹ́ lé ẹgbẹ̀rún kan, mo sì rò pé wọ́n ti ṣe mí lóore. Nítorí náà tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun á bá yín ṣe third party mọ́tò ilé ní ₦7,000 tàbí ₦10,000 torí pé òun mọ èèyàn nínú ọ́fíìsì, ẹ má wulẹ̀ bá a nájà, ẹ kọjá lọ. Èyí tí kò tó ₦15,000, ìwé lásán ni.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé, kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, kò tiẹ̀ nílò dátà, tàbí kí ẹ lọ sórí askniid.org, ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò yín sí i. NIID ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ń kó orúkọ gbogbo mọ́tò tí wọ́n gbà sí. Tí mọ́tò yín ò bá sí níbẹ̀, bí ìwé ọwọ́ yín tilẹ̀ ní wúrà létí, ẹ ò ní ínṣọ́ránsì. Ẹ ṣe é kí ẹni tó ta á fún yín tó kúrò níwájú yín. Láti February 1, 2025 náà ni ọ̀gá pátápátá ọlọ́pàá ti ní káwọn ọlọ́pàá máa yẹ third party wò káàkiri, lójú títì o lè pàdé ẹni tí kò ní wo ìwé ẹ rárá, nọ́ńbà mọ́tò ẹ ló máa tẹ̀.

Ohun tí ₦15,000 yìí ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ní ọ́fíìsì kan l'Alágbàká. Tí o bá fi mọ́tò ẹ ba nǹkan ẹlòmíì jẹ́, mọ́tò ni o, ògiri ni o, ìsọ̀ ni o, wọ́n á san án títí dé ₦3,000,000. Tí èèyàn bá fara pa tàbí tó kú, ó wà níbẹ̀ náà. Mọ́tò tìẹ ni kò kàn. Bónẹ́ẹ̀tì mi tó ká yẹn, tí ìwé mi bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, èmi náà ni mo máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ₦185,000 bàbá yẹn, mi ò bá má fi kọ́bọ̀ kan sí i. Mo ṣírò ẹ̀ lọ́jọ́ náà níbi tí mo jókòó sí: ₦9,000 ni mo rò pé mo jẹ lérè lọ́wọ́ èjẹ́ǹtì yẹn.

Nígbà tí mo ti wà l'Alágbàká, mo ní kí n kúkú béèrè comprehensive, èyí tó máa ń tún mọ́tò tìẹ náà ṣe, tó sì máa ń san án tí wọ́n bá jí i gbé tàbí tó bá jóná. Níbí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ti wọ̀ ọ́ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ síbí. NAICOM ní kò gbọ́dọ̀ dín ní 5% iye tí mọ́tò náà tó. Tèmi tó ₦3,500,000, ìyẹn ₦175,000 lọ́dún kan. Ilé iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ mi, wọ́n ní 2005 ti dàgbà jù fún comprehensive lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ̀kẹta gbà, wọ́n yẹ mọ́tò wò, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ yí po, wọ́n wá fún mi ní ìwé àdéhùn pé kí n kà á.

Mo kà á lóòótọ́. Mo jókòó sórí àga wọn fún bíi wákàtí kan, mo kà á láti òkè délẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dá mi lóhùn ò sì kanra, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Inú ẹ̀ ni mo ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní excess. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, iye kan wà tí ìwọ fúnra ẹ máa kọ́kọ́ yọ kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní 10% ni, tí àtúnṣe bá jẹ́ ₦200,000, ₦20,000 á jáde lápò ẹ. Ó dáa, mo gba ìyẹn. Àmọ́ ìlà kan tún wà nísàlẹ̀ pé tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tàbí ẹni tí láísẹ́ǹsì ẹ̀ ò tíì pé ọdún kan ló wà nídìí ọkọ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, excess míì tún máa gun orí ìyẹn. Láísẹ́ǹsì mi ò tíì pé ọdún kan. Kò sẹ́ni tó máa ka ìlà yẹn sí ọ létí, ìwọ lo máa béèrè ẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ kọ́ ló ní in, iye tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ò dọ́gba, torí náà méjì lè pe iye kan náà fún ẹ kí ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé.

Nǹkan méjì míì tí mo béèrè, tí inú mi sì dùn pé mo béèrè. Àkọ́kọ́, àpótí mékọ́ọ̀pù mi tó wà nínú búùtù, iye ẹ̀ tó nǹkan, ṣé ínṣọ́ránsì mọ́tò máa san án tí wọ́n bá jí i? Wọ́n ní rárá, mọ́tò nìkan ni. Èkejì, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń fi mọ́tò wọn gbé èrò orí app nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n sì ra ínṣọ́ránsì mọ́tò ilé. Mo bi àwọn ará ọ́fíìsì náà léèrè nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi yìí, wọ́n ní tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí o ń fi gbé èrò tó ń sanwó, tí ìwé ẹ sì sọ pé mọ́tò ilé ni, ilé iṣẹ́ lè kọ̀ láti san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì FUTA tí ẹ ń fi mọ́tò bàbá yín gbé èrò lọ sí North Gate, ẹ bi ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì léèrè kí ẹ tó rà á. Ẹ sọ òótọ́ iṣẹ́ tí ẹ fi ń ṣe.

Ṣé kí n sọ òótọ́, ₦175,000 ò sí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní mo lè pín in san ní ìgbà mẹ́rin láàárín ọdún, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta tí mo bá san fún ni mo ní ààbò fún, tí mo bá pẹ́ san ti ìkejì, kò sí àwìn, òfin wọn ni pé tí owó ò bá tíì wọlé, ààbò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi kì í wọlé lọ́nà kan náà lóṣooṣù, nínú Lẹ́ńtì báyìí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣègbéyàwó. Ẹ̀rù bà mí pé mo máa san ìdajì kí n sì já a sílẹ̀ láàárín ọdún. Ni ọmọkùnrin yẹn bá sọ pé ọ̀kan wà láàárín méjèèjì, third party tí wọ́n fi àfikún sí, ₦35,000 lọ́dún, ó ní gbogbo ohun tí third party ní, wọ́n á sì tún fi tó ₦250,000 tún mọ́tò tèmi náà ṣe tó bá ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń ta irú ẹ̀, iye ẹ̀ sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, ẹ ní láti fẹnu béèrè ẹ̀. Èyí tí mo rà nìyẹn. Fún ọ̀dọ́ tó ní mọ́tò àtijọ́, tí owó ẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, mo rò pé ó dáa ju comprehensive tí o ò ní lè san parí lọ. Ẹni tó bá ra mọ́tò ₦10,000,000, tó sì jẹ́ pé owó yíyá ló fi rà á, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ o, kó gbìyànjú kó ra comprehensive.

Bí mo ṣe sanwó tán, mo ní kí ọmọkùnrin náà gbé e sórí NIID lójú mi. Ó gbé e sórí ẹ̀. Mo tẹ *565*11# níbẹ̀ lórí àga, nọ́ńbà mọ́tò mi jáde, orúkọ ilé iṣẹ́ jáde, ọjọ́ tó máa parí jáde. Mo jókòó, mo ń wò ó. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ bàbá Highlander yẹn, ó ní, "Sister, ẹ kú iṣẹ́, màá fi han bàbá."

Ẹ̀yin tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ ya fọ́tò mọ́tò méjèèjì kí wọ́n tó sún un kúrò, ẹ pe ilé iṣẹ́ yín lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ má sì ṣèlérí owó kankan fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó bá ilé iṣẹ́ yín sọ̀rọ̀, torí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀bẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò sí nínú òfin wọn, ọmọlúàbí ni.

Àbúrò mi ọkùnrin ra mọ́tò lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sẹ́ńtírà kékeré kan, ó ń fò sókè. Lánàá mo ní kó fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní àǹtí, ínṣọ́ránsì wà nínú pátíkúlà tí wọ́n kó fún òun, oṣù mẹ́jọ ló kù lórí ẹ̀, sítáǹpù wà níbẹ̀. Mo ní kó tẹ *565*11# kó tó bá mi sọ̀rọ̀ sítáǹpù. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì, fọ́tò ojú fóònù ẹ̀ ló fi ránṣẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti ní kó fi mọ́tò náà sílẹ̀ nínú ọgbà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Mọ́ńdè la máa wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Alágbàká.